Koríko Sísá ní Ẹ̀pẹ́: Ohun Tí Katakata Kékeré Kọ́ Mi

Iléyá ń sún. Lọ́dún 2023, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ló bọ́ sí. Lọ́dún 2024, ọjọ́ 16 oṣù kan náà. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 6. Òṣùpá la fi ń ka ọdún náà, ìdí nìyẹn tó fi ń fi bí ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún. Ẹni tó kàn ń ra àgbò pa lè má fiyè sí i. Èmi tí mò ń bọ́ àgbò tà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin la fi ń bọ́ àgbò kó tó ní ìdí àti àyà tí oníbàárà á torí ẹ̀ tọwọ́ bọ àpò. Nígbà tí Iléyá wà ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án, àárín òjò la ti ń bọ́ wọn. Àdá lásán tó, koríko wà lẹ́yìnkùlé. Ní báyìí tó ń wọ oṣù karùn-ún lọ, inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni bíbọ́ náà bọ́ sí: oṣù kejì, oṣù kẹta, nígbà tí gbogbo etí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìtóìkín ti gbẹ, tí àwọn èèyàn sì ti ń dáná sun igbó.

Ohun tó gbé mi dé ìdí koríko sísá nìyẹn, ìyẹn ká gé koríko, ká sá a gbẹ, ká dì í pa mọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń sin àgùntàn lápá ibí, hàráwà la máa ń rà lẹ́ẹ̀rùn, ìyẹn ewé ẹ̀wà àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí wọ́n ń kó wá láti òkè Ọya, a ó wá fi èèpo gbágùúdá àti dúsà, ìyẹn èèrí ọkà, tì í lẹ́yìn. Mi ò ní tàbùkù hàráwà. Ó ń ṣe ẹran lóore ju koríko lásán lọ. Ṣùgbọ́n tí Iléyá bá ti ku oṣù méjì, gbogbo ẹni tó ní àgbò kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé ló máa ń wá a kiri, owó rẹ̀ á sì fò sókè, ká tó wá sọ ti owó ọkọ̀. Láti ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án 2021 tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú sì ti fọwọ́ sí òfin tó ka dída màlúù jẹko ní gbangba léèwọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn onímàlúù náà ti ní láti máa wá oúnjẹ tí wọ́n á gbé bá ẹran níbi tó wà. Gbogbo wa la jọ ń na ọwọ́ sínú àwo kan.

Ìṣirò tèmi ò le. Àgbò tó wọn 40 kílò á jẹ nǹkan gbígbẹ tó bíi kílò kan àbọ̀ lójúmọ́. Tí mo bá fún un ní koríko gbígbẹ kílò kan, tí mo fi èèpo gbágùúdá, èèrí àgbàdo àti ewé àgùnmániyè dí ìyókù, àgbò 20 á jẹ tọ́ọ̀nù méjì láàárín 100 ọjọ́. Ìdì 100 nìyẹn, tí ìdì kan bá wọn 20 kílò. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fojú sí ni pé omi ló pọ̀ jù lára koríko tútù, ìdá 75 sí 80 nínú 100. Ẹ gé 100 kílò lónìí, tó bá gbẹ tán kò ní ju nǹkan bíi kílò 25 lọ. Kí tọ́ọ̀nù méjì tó délé, tọ́ọ̀nù mẹ́jọ lẹ máa gé, tí ẹ máa tàn sílẹ̀, tí ẹ máa yí, tí ẹ máa kó jọ, láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ojú ọ̀run bá fi gbà fún yín. Àdá àti ọmọkùnrin méjì ò lè bá eré yẹn sá.

Ilẹ̀ tèmi gan-an ò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Ẹ̀pẹ́ òde òní mọ̀ pé ilẹ̀ tó wà láìsí ẹni tó ń dá a pọ̀ ju ilẹ̀ oko lọ. Àwọn ará Èkó ti ra ilẹ̀ títí wọnú igbó, wọ́n ti fi ògiri yí i ká, wọ́n gbé géètì sí i, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà, wọ́n sì padà sílé. Koríko ló ń gbé ibẹ̀. Ìkin ló pọ̀ jù nínú wọn, koríko gíga eléwé gbọọrọ yẹn tó máa ń ta ní ìtí-ìtí, òun sì ni mo fẹ́ràn jù láti sá. Èèsún wà níbi tí ilẹ̀ bá ti tutù, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ti nípọn jù, kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Tútù ni mo máa ń fún ẹran jẹ. Èkan, ẹ fi í sílẹ̀ o. Tó bá ti dàgbà, ẹran kì í fẹ́ fẹnu kàn án. Ibi tí ewé Akíntọ́lá bá sì ti gbilẹ̀, katakata mi kì í wọ ibẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ ẹran, tó bá sì há sínú ìdì, àgùntàn á máa fi imú tú gbogbo ìdì náà ká, wọ́n á tẹ èyí tó dáa mọ́lẹ̀.

Bàbá tó ń ṣọ́ ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ yìí, lọ́nà Pókà, kò gbà mí gbọ́ rárá nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ bá wọn.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ẹ kú àmójútó."

"Òo. Kí la lè ṣe fún ọ?"

"Koríko inú ọgbà yìí ni mo fẹ́ bá yín gé, sà. Mi ò ní gba kọ́bọ̀."

Bàbá wò mí látòkè délẹ̀. "O ò ní gba kọ́bọ̀. Àwọn tó ń bá wa gé e ń gba owó o. Ọmọ onílẹ̀ wo ló rán ẹ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, bàbá. Àgbò ni mò ń sìn. Ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni mo wá, ilẹ̀ kọ́."

"Àgbò." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tó bá wá di Iléyá ńkọ́?"

A jọ yé ara wa. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pe ẹni tó ni ilẹ̀ lójú mi, mo sì ní kí onítọ̀hún fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n lè pààrọ̀ ẹni tó ń ṣọ́lẹ̀ nígbàkígbà, ẹni tuntun tó bá dé lè ní òun ò mọ̀ yín rí, nígbà tí koríko yín ti wà nílẹ̀ tó ti gbẹ dé ìdajì.

Kí abẹ tó wọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín já. Òpó ààlà ló léwu jù. Àwọn awọnlẹ̀ máa ń ri òpó kọnkéré kúkúrú mọ́ igun pulọ́ọ̀tì, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i lórí. Pulọ́ọ̀tì Èkó kan ò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 lọ, ìyẹn mítà 18 sí 36, nítorí náà òpó á kàn máa yọ ṣóńṣó káàkiri ni. Tí ìkin bá ti bò wọ́n, ẹni tó jókòó sórí katakata ò lè rí wọn. Abẹ tó bá kọlù wọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn. Òpó tó bá sì yẹ̀ nídìí lè dá ẹjọ́ sílẹ̀ láàárín aládùúgbò méjì tí wọn ò mọ̀ yín rí. Mo máa ń ri ọ̀pá oparun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń so àkísà pupa mọ́ ọn lórí, àdá la sì fi ń gé koríko tó yí i ká.

Èkejì ni ọ̀rá. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń sá koríko láyé yìí tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti pọ̀ tó tiwa. Atẹ́gùn ń gbé e wá láti ojú títì, àwọn tó ń mọlé nítòsí ń jù ú sórí ògiri, tí koríko bá sì ga, kò sẹ́ni tó máa rí i. Àgùntàn tó bá gbé ọ̀rá mì kò lè yà á. Á lọ́ pọ̀ mọ́ oúnjẹ nínú àpòlúkù, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í rù, inú á máa wú, olówó ẹ̀ á sì máa fún un ní oògùn aràn láìmọ̀ pé aràn kọ́. Àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ máa ń ṣa ọ̀rá lẹ́ẹ̀mejì: kí a tó gé, àti lẹ́yìn tí koríko bá ti sùn sílẹ̀, nígbà tí èyí tó fara pamọ́ bá hàn. Wáyà àti ìṣó náà, inú àpò kan náà ni. Tí ẹ̀rọ bá ti di ọ̀rá mọ́ inú ìdì, a ò tún lè rí i mọ́ títí á fi dé ẹnu ẹran.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti katakata wàyí. Tòkunbọ̀ ilẹ̀ Japan ni tèmi, agbára ẹṣin 25. Ẹni tí ojú ẹ̀ ti mọ Massey Ferguson tí wọ́n fi ń kọ ilẹ̀ á kọ́kọ́ rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Kó tó di pé mo rà á, mo ti háyà katakata ńlá rí. Ọjọ́ tí oòrùn mú dáadáa, ó wà lóko ẹlòmíì. Ọjọ́ tó ráyè wá, òjò ti ṣú. Mi ò bá oníkatakata náà jà. Ta ló máa fi iṣẹ́ éékà 10 sílẹ̀ torí pulọ́ọ̀tì mẹ́rin? Katakata kékeré ń gba ẹnu géètì wọlé, ó ń yí po láàárín ògiri, epo dísù rẹ̀ ò pọ̀, kò sì tẹ ilẹ̀ olómi mọ́lẹ̀ kó di kòtò. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, ọjọ́ tí mo bá fẹ́ ẹ, ó wà ńlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Irin kan wà níbẹ̀ tó ń yí, tó ń gbé agbára fún ẹ̀rọ tí a bá so mọ́ ọn. PTO ni gbogbo mẹkáníìkì ń pè é. Ìyípo 540 láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgékoríko àti ẹ̀rọ ìdìkoríko kékeré fún. Ọ̀pọ̀ katakata kékeré tó ń ti Japan wá ní jíà mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún irin yìí nìkan, èdè wọn ni wọ́n sì fi kọ ọ́ sára rẹ̀. Jíà tó rẹlẹ̀ jù ló sábà máa ń sún mọ́ 540. Dírẹ́bà tó bá fi sí jíà kẹta torí pé ó ń kánjú, ẹ̀rọ ló ń fọ́ yẹn. Ike tó yẹ kó bo irin ọ̀hún kì í sábà bá tòkunbọ̀ wá. Mo ra tuntun kí n tó so ohunkóhun mọ́ ọn. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ bùbá tó gbòòrò tàbí kó fi ìborùn kọ́rùn sún mọ́ ibẹ̀. Tí koríko bá há sí abẹ, ẹ pa íńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní férémù irin tó ń dáàbò bo dírẹ́bà tí katakata bá dojú dé, nítorí náà mo máa ń jìnnà sí etí gọ́tà àti ibi tó bá dagun. Àdá ló ń parí ibẹ̀.

Slasher, ẹ̀rọ ìgékoríko tí gbogbo èèyàn ń rà fún katakata, kò dáa fún iṣẹ́ yìí. Ó ń gé koríko wẹ́wẹ́, ó ń fọ́n ọn ká, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á wọ àárín kùkùté koríko, ẹ ò sì ní rí i kó. Ohun tí a ń fẹ́ ni ẹ̀rọ tó ń gé koríko lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nísàlẹ̀, tó sì ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní gígùn ẹ̀. Oríṣi méjì ni mo ti lò. Ọ̀kan ní ọ̀pá gbọọrọ tí abẹ eléyín-eléyín ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ó fúyẹ́, kì í gba agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n nínú ìkin tó ti wó lu ara wọn, ó ń há lemọ́lemọ́. Èkejì ní ìlù irin méjì tó ń yí, tí abẹ wà nídìí wọn. Òun ni mo wá dúró tì. Ó wúwo, ó ń pariwo, àmọ́ kò bìkítà bóyá koríko dúró tàbí ó sùn. Mo máa ń gbé abẹ náà sókè tó bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀. Tó bá lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìkin ò ní tètè hù padà, yanrìn á sì bá koríko wọlé.

Tí owó ò bá tó ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ra ẹ̀rọ ìgékoríko, ẹ wá ra réèkì, ẹ̀rọ tó ń kó koríko jọ, tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ìdìkoríko lè dúró. Káfíńtà lè kan àpótí pákó kan fún yín, gígùn rẹ̀ 85 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ 55, jíjìn rẹ̀ 45, kò ní ìsàlẹ̀, kò ní ìdérí. Ẹ ó kọ́kọ́ tẹ́ okùn sí i, ẹ ó kó koríko sí i, ọmọkùnrin kan á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní rì mọ́, ẹ ó so okùn, ẹ ó sì gbé àpótí kúrò. Ìdì tó jáde á tó bíi 20 kílò tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ò bá ṣe ìmẹ́lẹ́. Àpótí ọ̀hún ni mo lò títí iṣẹ́ fi pọ̀ jù ú lọ. Ẹ̀rọ kékeré tí mò ń lò báyìí ń yí koríko di ìdì rogodo tó fẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà, tó gùn ní 70. Ó yá, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ ń jẹ owó, bẹ́líìtì ń jẹ owó. Mi ò tíì ju àpótí náà nù.

Gbogbo èyí ò le tó ti ojú ọjọ́. Katakata kì í mú koríko gbẹ. Oòrùn àti atẹ́gùn ló ń mú un gbẹ, Ẹ̀pẹ́ sì jẹ́ ìlú tí ọ̀sà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láàárọ̀, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìrì máa ń kán tó-tó-tó láti etí páànù bíi pé òjò ló rọ̀ mọ́jú. Koríko tó gbẹ dáadáa lánàá, tí a tàn sílẹ̀ sùn, á ti rọ̀ padà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn kan gbà pé oṣù kẹjọ tí òjò máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ lè ṣe é. Kò lè ṣe é lọ́dọ̀ wa. Òjò lè má rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kùrukùru máa ń bo ojú ọ̀run, oòrùn kì í ràn dáadáa, ilẹ̀ gan-an ṣì tutù. Koríko tí mo tàn nírú àsìkò yẹn kàn ń pọ́n ni, kò gbẹ, kò tútù, títí ó fi hu funfun. Ìgbà tó dáa ni oṣù kọkànlá wọ oṣù kejìlá, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí oòrùn ń mú, tí ọyẹ́ sì ń bọ̀ lọ́nà. Tó bá fi di oṣù kìíní, ìkin tí a ò gé ti dá gbẹ lórí ìdúró, ó ti so, ó ti gbọ̀n. Igi lásán ló kù. Irú èyí, ẹ lè gé e bí ẹ bá fẹ́, àgbò á jẹ ẹ́, kò kàn ní sanra.

Ìṣòro ibẹ̀ rèé: ìkin tó ti ń hù látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, tó bá fi máa di oṣù kọkànlá, ó ti dàgbà jù. Nítorí náà, ìparí oṣù kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni mò ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oṣù kọkànlá. Màá gbé katakata wọ ilẹ̀ náà, màá gé e palẹ̀, òjò ń rọ̀ o, mi ò fẹ́ kí èyí gbẹ. Màá fọ́n ajílẹ̀ yúríà díẹ̀ sí i nígbà tí òjò ṣì wà láti yọ́ ọ wọlẹ̀, mi ò sì ní jẹ́ kí àpò yúríà náà wà níbi tí ẹran lè dé, torí pé májèlé ni tí wọ́n bá lá a. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ìkin tuntun á ti ga dé ìgbáròkó, ewé pọ̀ lára rẹ̀ ju igi lọ, kò tíì so, ìgbà yẹn gan-an sì ni òjò ń lọ. Tí ẹ ò bá rántí nǹkan mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ rántí èyí.

Koríko tí mo gé ní oṣù kẹsàn-án yẹn kì í ṣòfò. Èyí tí ẹran ò bá jẹ tán ní tútù, a ó gé e wẹ́wẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù oníke, a ó da omi ṣúgà díẹ̀ sí i, a ó sì dí i pa kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Á kan níbẹ̀ bí ògì ṣe ń kan. Sáíléèjì ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbò mi kọ́kọ́ ń yínmú sí i, nígbà tó yá, ìró ìdérí dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń mọ̀ pé mo dé.

Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ gé, mo ti wo ojú ọjọ́ lórí fóònù fún ọjọ́ márùn-ún tó ń bọ̀, mo sì ti bi àwọn apẹja létí ọ̀sà pẹ̀lú, nítorí fóònù máa ń sọ ti Èkó, Èkó kì í sì ṣe Ẹ̀pẹ́. A kì í wọ oko títí ìrì á fi gbẹ lórí ewé, bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ sí mẹ́wàá. Ibi tí mo bá lè kó lọ́jọ́ kan ni mo máa ń gé, ì báà ṣe gbogbo ilẹ̀ náà ló pọ́n. Ẹni eji rí ni eji ń pa. Koríko tó wà lórí ìdúró, òjò ò lè ṣe é ní nǹkan, èyí tó wà nílẹ̀ ni òjò á fọ oúnjẹ ara rẹ̀ dànù. Tó bá di ọ̀sán, a ó fi àmúga onígi gbọ̀n ọ́n sókè, a ó tún un tàn. Bí aago mẹ́rin, a ó yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí oòrùn tó wọ̀, réèkì á ti kó o jọ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, torí pé òkè ọ̀wọ́ nìkan ni ìrì á rí pa. Lọ́jọ́ kejì, a kì í tú u títí ìrì á fi gbẹ. Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin la máa ń dì í, láàárín aago kan sí mẹ́rin ọ̀sán, nígbà tí atẹ́gùn gbẹ jù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó dì? Ewé máa ń tan èèyàn. Ewé ìkin á máa dún wàràwàrà lọ́wọ́ nígbà tí omi ṣì wà nínú oríkèé igi rẹ̀. Oríkèé yẹn ni mo máa ń wò. Màá fa igi kan yọ láti ìsàlẹ̀ ọ̀wọ́, màá fi èékánná họ oríkèé rẹ̀. Tí èèpo bá ṣí, tí abẹ́ rẹ̀ tutù, kò tíì yá. Tí èékánná bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, tí igi náà sì ṣẹ́ pàù nígbà tí mo lọ́ ọ, ó ti ń bọ̀. Mo wá máa ń fi iyọ̀ dán an wò: màá gé koríko náà wẹ́wẹ́ sínú ìgò gíláàsì tó gbẹ, ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò, màá bu iyọ̀ ṣíbí kékeré kan sí i, màá dé e, màá sì mì í fún ìṣẹ́jú kan. Tí iyọ̀ bá dì mọ́ra tàbí tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ọ̀rinrin ṣì pọ̀. Tó bá ń ṣàn sílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ bọ́ sí i. Ohun tí a ń lé ni kí omi tó kù má ju ìdá 18 nínú 100 lọ; fún ìdì rogodo, ìdá 15 ló tù mí lára jù.

Ìdì tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú rẹ̀ á máa gbóná. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣọ́ ọ jù. Irin gbọọrọ kan wà tí mo máa ń gún wọ àárín àkójọ náà, màá fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, màá fà á yọ, màá sì dì í mú. Tí ọwọ́ ò bá lè gbà á, mo ti pe àwọn ọmọ nìyẹn pé kí wọ́n wá tú u ká síta, kí wọ́n gbé omi sítòsí. Koríko tó gbóná bẹ́ẹ̀ lè fúnra rẹ̀ gbiná. Èyí tó bá sì hu, tí eruku funfun ń tú jáde nínú ẹ̀ nígbà tí ẹ já okùn, ẹ má fi fún ẹran, pàápàá abo tó lóyún, kí ẹ sì bo imú yín tí ẹ bá ń kó o, nítorí eruku ọ̀hún ń ba ẹ̀dọ̀fóró èèyàn jẹ́.

Ibi tí mo ń kó o sí ò ju páànù lórí òpó lọ, ẹ̀gbẹ́ ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa gba ibẹ̀ kọjá, pálẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀ kí ìdì má fara kan ilẹ̀. Mi ò gbà kí wọ́n fi tapólì bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọ̀rinrin ló ń há mọ́ abẹ́ rẹ̀. Mo ro yíká ibẹ̀ títí ilẹ̀ fi hàn, torí àwọn tó ń sun igbó.

Èyí tó ṣẹ́kù fún mi, mo ń tà á, kílò ni mo sì ń tà, mi ò ta ìdì. Alájì kan tó ń sin ewúrẹ́ lápá Èjìnrìn rí òṣùwọ̀n mi, wọ́n pariwo.

"Ṣé koríko náà la wá ń wọ̀n báyìí? Ayé ti bàjẹ́ o!"

"Ẹ má bínú, Alájì. Ìdì kan á wọn 14, òmíràn á wọn 22. Tí mo bá ní iye kan náà ni, ọ̀kan nínú wa ló ń jẹ gbèsè."

Wọ́n gbé ìdì kan lọ́wọ́, wọ́n gbé òmíràn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ra tiwọn. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, wọ́n ní pulọ́ọ̀tì mẹ́fà wà lẹ́yìn ilé àwọn tí ìkin ti bò, pé kí n gbé katakata wá ní oṣù kẹsàn-án, ká jọ pín ìdì náà sí méjì. Mo gbà. Mo ní kí wọ́n kàn bá mi ṣa ọ̀rá ibẹ̀ kúrò ná.